Ìyẹ̀wò Kejì ní Yàrá Oògùn Jẹjẹrẹ

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Ìyẹ̀wò kejì ni pé kí ẹlòmíràn ṣe ìṣirò tí ẹni àkọ́kọ́ ti ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìwo ìdáhùn rẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó fi ìdáhùn wọn wé ara wọn. Bí ó bá kàn wo ti ẹni àkọ́kọ́ tí ó sì buwọ́ lù ú, kò yẹ nǹkan kan wò. Ó kàn kí i ni.

Mo kọ ìyẹn láàárọ̀ yìí láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá oògùn, nítorí láti òní lọ èmi ni adelé olórí ibẹ̀. Mọ́mì, olórí wa tẹ́lẹ̀, fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ Ẹtì. Andrew, ọ̀gá gbogbo apoògùn ilé ìwòsàn wa, fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nínú oṣù kọkànlá wọn yóò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọn yóò sì pinnu bóyá èmi ni wọn yóò fi jẹ olórí tàbí wọn yóò mú ẹlòmíràn wá láti ìta. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà ṣe bí ẹni pé n kò fẹ́ ẹ bí wọn kò bá fún mi.

Àwa mọ́kànlá ni lókè òkun níbí, Yorùbá sì ni mẹ́fà nínú wa. Àǹtí Simbiat, tó ti ń fa oògùn sínú sírínjì níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀: irun tí mo gẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò, bàtà aláwọ tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin. Ó ní, "Doyin, ẹni tó lọ, Mọ́mì là ń pè é. Ìwọ ńkọ́? Ṣé Mọ́mì náà ni, àbí Bọ̀dá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Doyin. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò sí Dókítà.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì kan pè láti òkè ní aago mọ́kànlá. Ó ní oògùn tí a gbé wá fún obìnrin kan, lójú òun, ó pọ̀ jù. Mo sáré gòkè. Obìnrin náà jókòó sórí àga, ó rí tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ìwé tiwa sọ pé kílò 99 ni ìwọ̀n ara rẹ̀. Pọ́n-ùn 99 ni. Kò pé kílò márùndínláàádọ́ta. Oògùn tó wà nínú àpò náà ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó gbà lọ.

Kò tíì wọ ara rẹ̀. Mo ní láti kọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì wọ ara rẹ̀.

Dádì ló ṣe ìṣirò àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Solomon ni Dádì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, apoògùn tó ti wà níbẹ̀ kí èmi tó gba ìwé àṣẹ. Kànmí ló ṣe ìyẹ̀wò kejì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, Mount Hope ní Bronx ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Kànmí ló bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ nípa oògùn náà láàárọ̀. Ó mọ bó ṣe kéré tó.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dojú bolẹ̀. "Dókítà, mo rí i. Ó ṣe mí bákan. Ṣùgbọ́n Dádì ló kọ ọ́. Ṣé kí n wá lọ bá Dádì, kí n ní kí wọ́n tún un ṣe?"

Mo kọ ìròyìn náà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. N kò sì sọ fún Dádì, tó wà lẹ́nu ìsinmi ráńpẹ́ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ní n ó wá àkókò tó dára.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Fẹ́rì fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Joanna, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi náà, tó ń so okùn rẹ̀ mọ́ èbúté láti ìdájí, dé pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi. Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti jọ ń gbé ní Tompkinsville, ọdún mẹ́rin tí a ti ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìlú, kò tíì rántí bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Mo yẹ ìwé oṣù mẹ́fà wò. Ìgbà 214 ni Dádì ṣe ìṣirò àkọ́kọ́. Iye ìgbà tí ẹni kejì sọ pé ìdáhùn òun yàtọ̀: òdo. Fún àwọn apoògùn tó kù, a máa ń rí méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí yóò sọ pé Dádì kì í ṣàṣìṣe. A kì í kà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣírò ló máa ń ṣì í nígbà kan. Bí igba ìṣirò bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí àṣìṣe kan, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ẹni tó yẹ kó wá a kò wá a.

Mo wá tèmi náà. Nínú oṣù mẹ́fà kí n tó di adelé, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dá ìṣirò mi padà. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí: òdo. Mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa bi mí pé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ńkọ́. Mo ní dáadáa ló wà. Ó ní kí n bá òun kí i. Ìyá yìí mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. Ó ti rí òrùka ọwọ́ mi, ó ti rí òrùka ọwọ́ Joanna, ó sì buwọ́ lù ú.

Mo rìn wálé dípò kí n wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ti ń bínú sí Kànmí nínú ọkàn mi pé ó rí ohun tí kò tọ́ tí kò sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi ti ń kọ́ gbogbo ẹni tó yí mi ká láti rí, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ní ìpàdé òwúrọ̀ mo sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe, kó sọ ọ́, ì báà jẹ́ àgbà ló ṣe é. Mo ṣàlàyé, mo fi àpẹẹrẹ lé àpẹẹrẹ. Mo rò pé mo ṣe é dáadáa. Dádì káwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ó dára. Ká jókòó kí àwọn ọmọ máa kọ́ bàbá wọn níṣẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí ojú Kànmí. Kò ní sọ̀rọ̀ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tà rárá. Àṣẹ kò lè mú ìtìjú kúrò lára ènìyàn.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Dádì so táì aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn fún òmìnira. Ó pín bisikíìtì. Ó fún èmi náà.

Andrew pè mí lọ́sàn-án. Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sọ èrò wọn nípa mi. Ó kà á fún mi pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka èsì àyẹ̀wò burúkú. Ó le. Kì í rẹ́rìn-ín. Kò ní ojú ìyá. Ó ń rìn bí ọkùnrin. Kò mú oúnjẹ wá rí. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò wo fọ́ọ̀mù wọ̀nyí. Ó ní bóyá kí n rọra máa rẹ́rìn-ín sí wọn, kí n máa béèrè àlàáfíà ọmọ wọn.

Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ nípa òun nígbà tí òun jẹ́ olórí wa lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó rò ó. Ó ní wọ́n kọ pé òun le. Mo ní kí ni ìgbìmọ̀ wí sí i. Ó ní wọ́n sọ pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Ó pa fọ́ọ̀mù náà dé, kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́.

N kò tako oúnjẹ. N kàn kò fẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá mo lè ka ìwọ̀n oògùn.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo pàdé Àǹtí Simbiat ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Park Hill. Iṣu kan, dọ́là méjìdínlógún. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó tún un gbé kalẹ̀, ó ní ẹni tó ń ta á kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí. Ó ní kí n gbọ́, òun ń sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ ìdágbére Mọ́mì ku ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀ka yóò wà níbẹ̀, Andrew pẹ̀lú. "Lékè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, yóò dúró tì ọ́ fún wákàtí méjì. Kò ní sọ̀rọ̀. Kóòtù ni yóò wọ̀, yóò jẹ ẹran, yóò lọ sílé. Wọn á rí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ọkàn wọn á balẹ̀, wàá gba iṣẹ́ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti jà, ẹ ti tú ká. Ta ló máa bi ọ́?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó, Àǹtí."

Ó yẹ kí n ti sọ pé rárá. Inú rere ló fi sọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣiṣẹ́. Mo rò ó gan-an ni. N kò ní purọ́ fún ìwé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Joanna. Ó ń gé àlùbọ́sà, kò dá ọwọ́ dúró. Ó bi mí pé ṣé Lékè mọ̀ pé ata rodo máa ń jẹ́ kí n sín. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ mi ni, èmi ni kí n pinnu, ṣùgbọ́n bí mo bá mú Lékè lọ, kí n má padà wá sọ fún òun bí ó ṣe rí.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ fún Àǹtí Simbiat pé mi ò ṣe. Ó ní aláìgbọràn ni mí.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò òfì. Joanna wọ aṣọ aláwọ̀ aró. Atẹ́gùn etíkun le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi di ara wa mú dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà.

Lékè wà níbẹ̀. Ó wọ kóòtù. Àǹtí Simbiat ní òun kàn mú un wá bóyá ọkàn mi á yí padà. Ó ti wà lórí abọ́ kejì.

Mo mú Joanna lọ síbi tábìlì tí àwọn tiwa wà. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. "Ẹ kú ìkàlẹ̀. Joanna nìyí. Ìyàwó mi ni."

Mọ́mì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún márùn-ún, òun kàn ń dúró de ìgbà tí n ó sọ fún òun, ẹsẹ̀ sì ti ń dun òun níbi tí òun dúró sí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń wo abọ́ wọn. Dádì fi ṣíbí lélẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó sí tábìlì mìíràn. Lékè nawọ́ sí Joanna, ó ní ata inú ẹran náà pọ̀, kó rọra.

Andrew wà ní tábìlì kẹta. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní ojú.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Àwọn méjì kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Ẹnìkan ti yọ ife mi kúrò láàárín àwọn ife tó kù, ó gbé e sí igun pẹpẹ lóun nìkan. Mo gbé e padà sí àyè rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ òótọ́ tèmi. Ó ku èyí tó kan Dádì. Mo pe Dádì wọ ọ́fíìsì lọ́sàn-án, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó dúró. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ lo fẹ́ bá mi sọ, n kò fara mọ́ ọn."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Mo gbé ìwé obìnrin náà síwájú rẹ̀. Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó kà á dé ibi 99, ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀. Kò pẹ́ kó tó rí i. Apoògùn gidi ni.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó jókòó. Ó bi mí pé ìgbà wo ni. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá obìnrin náà wà láàyè. Mo ní ó wà, nọ́ọ̀sì dá oògùn náà padà, ó ti gba èyí tó tọ́, ara rẹ̀ sì ń dá. Ó fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa, sà."

"Gbogbo yín." Ó ṣí ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí mi, ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ má baà rí mi fín."

Mo sọ fún un pé ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù, nítorí pé èmi ni olórí, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ fún un ní ọjọ́ náà gan-an. Kò ní kí n má bínú, kò sì bínú sí mi. Ó mú ìwé náà lọ́wọ́, ó jáde. Ó lọ sílé ní aago méjì, ohun tí kò ṣe rí.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Dádì ti dé kí n tó dé. Ó ní òun ronú láti ọjọ́ Ẹtì. "Nílé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ẹbí bá pàdé, ọmọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà ló ń kádìí ẹ̀. Àgbà tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti tú ìpàdé ká. Kí ló wá dé tí èmi fi ń ṣírò ṣáájú Kànmí?"

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń ka ìwé òfin. N kò rí i. Bí ọmọ bá ṣírò ṣáájú, tí àgbà sì ṣe ìyẹ̀wò kejì, kò sí ohun tó ń ti àgbà lójú láti tún ọmọ ṣe. Inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn. Mo fi ohun kan kún un: káàdì funfun lórí ìdáhùn àkọ́kọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣí i títí ẹni kejì yóò fi kọ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bírò.

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó ní kí n má rò pé òun ti gba ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ti ìyàwó mi. Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀, sà.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Òtútù ti dé. Ọjọ́ kẹta ètò tuntun. Dádì ti mú àṣìṣe Kànmí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń rọra kọrin ìjọ. Kànmí wá bá mi: "Dókítà, wọ́n ń gbádùn ẹ̀ jù." Mo ní kó fara dà á.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Dádì fúnra rẹ̀ ló ní kí òun ṣírò ṣáájú lónìí, nígbà mẹ́ta péré, kí Kànmí bo ìdáhùn òun. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Kànmí kọ tirẹ̀, ó ṣí káàdì, ó tún wo tirẹ̀. Àǹtí Simbiat dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn gíláàsì ibi tí a ti ń po oògùn. Mo wà níwájú kọ̀ǹpútà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kànmí ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ti yín àti tèmi ò dọ́gba."

"Tún tìrẹ ṣe."

Ó tún un ṣe. "Ò dọ́gba síbẹ̀, sà."

Dádì fa ìwé náà mọ́ra. Ó ṣe é lójú gbogbo wa, pẹ̀lú bírò, láìlo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Tìrẹ ló tọ̀nà. Kọ ọ́ sínú ìwé. Kọ orúkọ mi sí i, Solomon, kí wọ́n má sọ pé ẹlòmíràn ni."

Kànmí kọ ọ́, ó kọ Solomon sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Andrew àti àwọn obìnrin méjì láti ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀kan bi mí pé kí ni mo rí sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ mi ní n kò ní ojú ìyá. Mo ní wọ́n ní ìyá nílé. Ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ mi ni ibi tí ẹni tó kéré jù ti lè sọ pé nọ́ńbà àgbà kò tọ̀nà kó sì tún lè padà síṣẹ́ lọ́la. Mo gbé ìwé ìyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì kalẹ̀: ìyàtọ̀ mẹ́fà tí a rí, mẹ́fà tí a tún ṣe.

Ìkejì fi ọgbọ́n béèrè bóyá irú ẹni tí mo jẹ́ ń ran iṣẹ́ mi lọ́wọ́ tàbí ó ń dí i lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé ẹni tí wọn kò kọ́ ilé fún máa ń mọ ibi tí ògiri wà, nítorí pé orí rẹ̀ ló ń gbá a. Ó pẹ́ tí mo ti mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jọ nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ nǹkan. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n nínú yàrá oògùn. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. N kò rí ohun tó kọ.

Ẹtì, 21 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n fún mi. Andrew ní ẹni méjì ló gbà, ẹnìkan kò gbà. Ẹni tí kò gbà náà bẹ̀rù pé ẹ̀ka náà yóò pín sí méjì. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ́ asán. Lọ́sàn-án yìí kan náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa oògùn mú ìwé wá pé òun fẹ́ lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ̀sìn òun kò gba òun láyè. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì dùn mí. Mo buwọ́ lù ú, mo sì kọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀: ó dára gan-an.

Joanna ra kéèkì. Ó jẹ ìdajì kí n tó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kọkànlá

Apoògùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bronx pè mí. Obìnrin ni, gbogbo àwọn tó ń darí ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní àwọn ènìyàn òun kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí ni kí òun ṣe. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i nìyí:

Má sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Ní ìpàdé rẹ tó ń bọ̀, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan àti bírò. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ìwọ tó sọ èrò tìrẹ. Jẹ́ kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn, kí wọ́n yí ìwé dojú dé. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀ kó kà á sókè, kí ẹni tó tẹ̀ lé e kà, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù. Ìwọ ni kí o kà kẹ́yìn. Bí ìdáhùn rẹ bá yàtọ̀ sí tiwọn, kà á bí o ṣe kọ ọ́. Má pa á rẹ́.